Ìsinmi Etí Òkun

Ìyá Abọ́dúnrìn kò tíì mu ẹ̀kọ àárọ̀ nígbà tí Fadékẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé mọ́tò dé ilé wọn ní Kétu, ó ní òun ti gba ibi ìsinmi fún ìyá náà àti Bàbá létí òkun lápá Ìbẹ̀jù. Inú ìyá náà dùn, ṣùgbọ́n ó yà á lẹ́nu. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti kọlu Alàgbà Ládé, ọkọ rẹ̀, bàbá náà kì í fẹ́ sùn níbòmíràn. Á ní bẹ́ẹ̀dì àlejò kò mọ ibi tó ń dun òun. Lọ́jọ́ yìí, kò jiyàn rárá. Ó jẹ́ kí wọ́n gbé òun sínú mọ́tò.

Lójú ọ̀nà, Fadékẹ́ gba fóònù ìyá rẹ̀. Ó ní bátìrì rẹ̀ ti kú tán, òun máa bá a tún un ṣe.

Ibẹ̀ dára. Igi àgbọn tò lọ rẹrẹ, ẹnu ọ̀nà yàrá sì fẹ̀ débi pé àga onítáyà tí Bàbá ń jókòó sí ń wọlé láìfara kan ògiri. Wọ́n tẹ́ pákó sórí yanrìn kí táyà má baà rì. Ìyá Abọ́dúnrìn ńkọ́, tí orúnkún kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ fi àga gbé e dé ibi tí ìgbì ti ń fọ ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dá orin, ó sì ń fi èjìká jó lórí ìjókòó.

“Bàbá Abọ́dúnrìn, ẹ wò mí o. Mo ti di ọmọge.”

Bàbá ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí òkun. Àgbọn tí wọ́n bẹ́ fún un, kò fẹnu kàn án.

Ìgbádùn náà kò pa ohun tó wà lọ́kàn ìyá yìí rẹ́. Láti Kérésì ni Abọ́dúnrìn, àkọ́bí rẹ̀, ti ń sọ pé kí wọ́n ta ilé Kétu, kí òun wá ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn fún wọn. Ìyá ti kọ̀ jálẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò yìí, Níyì, àbúrò Abọ́dúnrìn, wá sílé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti Bàbá. Nígbà tí ìyá wọn wọlé, àwọn méjèèjì dákẹ́ lójijì. Ara fu ú pé wọ́n ti mú kí Bàbá tẹ̀ka síwèé.

“Abọ́dúnrìn ńkọ́?” ó bi Fadékẹ́. “Kò wá, kò pè.”

“Network ibí ò dáa, Mummy.”

Fadékẹ́ kò bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, kódà nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń lọ sẹ́yìn igi àgbọn lọ gba ìpè.

Lọ́jọ́ Friday, nígbà tí wọ́n gbé Bàbá lọ wẹ̀, Ìyá Abọ́dúnrìn yọ fóònù kékeré ọkọ rẹ̀ lápò agbádá, ó pe Rùkáyátù, ayálégbé tó ń ránṣọ níwájú ilé wọn.

“Rùkáyá, ilé ńkọ́? Ariwo ta ni mò ń gbọ́ yẹn?”

“Èrò ni, Mummy. Olórí ẹbí wà níbí. Àwọn àgbà ẹbí láti Ìkòsì náà ti dé.”

“Kí ni wọ́n wá ṣe?”

“Ẹ bi Aunty Fadékẹ́, Mummy, ẹ jọ̀ọ́.” Ó pa fóònù.

Olórí ẹbí kì í wá sílé wọn lásán. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló máa ń gbé e dìde. Bí wọ́n ṣe ta ilé ẹ̀gbọ́n Bàbá ní Alápẹ̀rẹ̀ náà nìyí: wọ́n ní kí opó rẹ̀ lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ, kó tó padà dé, wọ́n ti wó ilé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá. Ìyá náà pe Níyì lójú ẹsẹ̀.

“Fún Abọ́dúnrìn ní fóònù.”

“Mummy...”

“Mo ní kí o fún un.”

“Kò lè sọ̀rọ̀, Mummy.”

“Ojú ń tì í ni. Ó dáa, bá mi jẹ́ ẹ níṣẹ́. Oyún rẹ̀ wà nínú mi nígbà tí mo ń ru omi tí wọ́n fi kọ́ ilé yẹn. Bó bá tà á, kí ojú mi má kan ojú rẹ̀ mọ́ láé. Ọmú tó mu láyà mi ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Níyì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ara tu ìyá náà díẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ wọ́n lára.

Kò pẹ́ tí Fadékẹ́ ti Bàbá wọlé. Ìyá Abọ́dúnrìn kò jẹ́ kí wọ́n fìdí mọ́lẹ̀.

“Ẹ ti tẹ̀ka fún wọn, àbí? Wọ́n ń ta ilé lórí mi ní Kétu, ẹ wá ń tàn mí pẹ̀lú òkun. Mo ti bá Níyì sọ̀rọ̀. Mo ti ránṣẹ́ tó yẹ sí Abọ́dúnrìn.”

Fadékẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ṣẹ́wọ́ sí i pé kó ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà ẹ̀gbà, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì dáa, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì ń ṣa ọ̀rọ̀ náà jọ.

“Kò sẹ́ni tó ń ta ilé, Ìyá Abọ́dúnrìn, ọjọ́ tí Níyì wá yẹn ni àkọ́bí wa kú, òní ni wọ́n ń sin ín, èmi ni mo sì ní kí Fadékẹ́ gbé wa jìnnà, torí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀.”