Èèpo Ọsàn Nínú Máté

"Bàbá Casilda, ìsinmi rèé àbí ìyà? Ẹsẹ̀ ń ro mí!"

Fabricio ọkọ mi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìwọ kọ́ lo ní ká wá fẹsẹ̀ rin Buenos Aires wò? Àbí kí n pọ̀n ẹ́ ni?"

Oṣù keje ni, àárín ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa, ó ti wọ eegun mi.

Tucumán, ìlú wa lókè àríwá, la ti wá. Ó ní òun ò tẹ ìlú yìí rí láyé òun, síbẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni lọ́nà láti àárọ̀.

Bá a ṣe dé ọgbà Lezama, ó fà mí lápá. "Jẹ́ ká gba ibòmíràn."

"Mi ò rìn mọ́!"

Mo jókòó ti màmá àgbàlagbà kan lórí bẹ́ńṣì. Ó ń rẹ máté, ewé tí à ń mu bíi tíì, nínú igbá kékeré. Ó fún mi ní kíkorò tí kò ní ṣúgà, mo fà á mu.

"Bàbá Casilda, wá jókòó, jàre!"

Màmá yẹn gbójú sókè. Ó wo ọkọ mi títí.

Ó da ṣúgà sínú igbá, ó ju èèpo ọsàn sí i, ó nà án sí Fabricio.

Bó ṣe ń mu ún nílé gan-an nìyẹn. Kò sì tíì lanu o!

Mo fò dìde. "Ta ló sọ fún yín pé bó ṣe ń mu ún nìyẹn?"

"Bi í pé ta ló kọ́ ọ mu."

Fabricio ń wo bàtà ẹ̀.

"Mà, kí lorúkọ yín?"

"Casilda."

Fabricio ló sọ ọmọ wa ní Casilda. Ó ní kí orúkọ ìyá òun olóògbé má bàa parun.