Ojú Ọmọge

Ife omi mẹ́jọ ni obìnrin akunlé náà ń mu lóòjọ́, ó sì ti tó ọdún méje tó ti ń mu ún bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá já bọ́ láti orí àkàsọ̀, omi ló máa dà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé ojú olóògbé ló ń tọ́jú.

Ọmọ méjì ni ìyá rẹ̀ bí, obìnrin sì ni méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ onídìrí, ara rẹ̀ máa ń dán, ìyá wọn wá sọ ọ́ ní Ọmọge. Àbúrò, tí oòrùn àti ọ̀dà ti sọ ojú rẹ̀ di ṣákiṣàki, ni ó ń pè ní Jagun. Ohùn wọn jọra débi pé lórí fóònù ìyá máa ń bèèrè pé, "Èwo nínú yín nìyẹn?"

Lọ́dún tí ojú ìyá fọ́ pátápátá, ilé ìwòsàn ló wà nígbà tí mọ́tò pa Ọmọge. Dókítà ní àyà rẹ̀ ò lè gba ìròyìn burúkú. Àbúrò ìyá, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kì í já ní koro nínú ẹbí, pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún wọn," ó ní. "Ẹni tó bá sọ ọ́, òun ló pa wọ́n."

Wọ́n sin Ọmọge láìsí ìyá níbẹ̀. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun Jagun mọ́, oorun sì kọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó wọ yàrá ilé ìwòsàn lọ kí ìyá rẹ̀, ìyá na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ni ìyá fi rán báàgì aláwọ. Àtàǹpàkò yẹn ló fi ń mọ awọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ti àgùntàn.

"Ọmọge," ó ní, "kí ló dé tí ojú rẹ gbẹ báyìí? Ṣé o ò sùn ni?"

Jagun wo àbúrò ìyá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọkùnrin náà mi orí pé kó gbà bẹ́ẹ̀.

"Mo sùn díẹ̀, Màmá."

"Díẹ̀ kẹ̀? Ìwọ tí o máa ń tọ́jú ara rẹ! Máa mu omi. Jẹ ẹ̀fọ́, jẹ ọsàn. Má jẹ̀ẹ́ kí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ọ lójúfò. Kí o sì máa wá lójoojúmọ́, kí n máa yẹ̀ ọ́ wò."

Bí Jagun ṣe di Ọmọge nìyẹn. Wọ́n sọ fún ìyá pé Jagun ti rí iṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá ní, "Ó dáa. Ibi tó bá wà, kó máa jẹun."

Jagun ra akẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń dé síṣẹ́. Ó ń fi òróró àgbọn para tó bá wẹ̀ tán. Nígbà tí ìyá ní òun ń gbóòórùn sìgá lára rẹ̀, pé èéfín máa ń jẹ́ kí awọ hunjọ, ó ní ti oníbàárà ni, ó sì jáwọ́ nínú sìgá mímu lọ́sẹ̀ yẹn. Lálaalẹ́ ni àtàǹpàkò ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó ń jọ̀lọ̀ bọ̀," ni ìyá máa ń wí.

Lọ́dún kẹta, Jagun wo dígí láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọmọge ló rí níbẹ̀ tó ń wo òun. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó yí dígí náà kojú sí ògiri. Látìgbà náà, ó ń ṣe é bíi pé òun gan-an ni wọ́n sin.

Lọ́dún keje, ìyá dùbúlẹ̀, kò lè dìde mọ́.

"Ẹ bá mi pe Jagun," ó ní. "Kó dé lọ́túnla. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ojú rẹ̀ kí n tó lọ."

Àbúrò ìyá fa Jagun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Omi ti tán lẹ́yìn ẹja wa. Ojú rẹ yìí ti jọ̀lọ̀ jù. Wọ́n á mọ̀ pé irọ́ la ti ń pa látọjọ́ yìí, ìyẹn ló sì máa pa wọ́n."

Jagun ò dé akẹtẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó dúró sínú oòrùn lórí àkàsọ̀, ó fi ọṣẹ ìfọṣọ fọjú, omi ò kan ẹnu rẹ̀ àfi bí ọ̀fun bá fẹ́ lẹ̀. Orí àga ló jókòó sí mọ́jú ní òru méjèèjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń rùn fún ọ̀dà, ó kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Jagun. Mo ti dé."

Ìyá na ọwọ́. Àtàǹpàkò náà rìn láti iwájú orí wá sí àgbọ̀n, ó padà sókè, ó sì dúró sábẹ́ ojú. Àbúrò ìyá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"O ò sùn láti ìjẹta, o ò sì mu omi," ni ìyá sọ jẹ́jẹ́. "Jagun, tí mo bá lọ tán, ta ni yóò máa lé ọ lọ sùn, bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì méjì dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn mi nílé ìwòsàn, tí wọ́n ń sọ pé mọ́tò ti pa ọmọ mi onídìrí, àti pé èyí tó kù ò jẹun mọ́?"