Orin Tí Wọ́n Fi Dá Reuben Lẹ́jọ́

Reuben àti Monílọ́lá, ìyàwó rẹ̀, gbé àwo orin kan jáde ní Àkúrẹ́. Orin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìkankan tó múnú ẹni dùn. Ohùn kan nípọn, ó ń pàṣẹ pé, "Kó ẹrù rẹ." Èkejì tín-ín-rín, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Jẹ́ kí n dúró."

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin Ọjà Ọba fi ń ṣépè fún Reuben, ẹni tí wọn ò rí rí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan dá ètò sílẹ̀ fún àwọn abilékọ tí ọkọ ń lé jáde.

Ní oṣù kejì, Reuben kó lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Oǹdó. Wọ́n ní ó ti já ìyàwó jù sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ lórin. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbọ́ àwo náà. Bí ohùn tín-ín-rín yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kan ní Oǹdó ránṣẹ́ pe Reuben. Ìyáàfin Ìbùkúnọlá, alága wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti da gbogbo orin náà kọ sínú ìwé, ó sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tó burú.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá aya ẹni sọ̀rọ̀ nìyí?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Agbára káká ni wọ́n fi gbọ́ ohun tó sọ.

"Ojú ń tì í," akọ̀wé wọn ní.

"Ṣé o fẹ́ padà sílé rẹ?"

"Mo fẹ́ o, mà. Monílọ́lá ni kí ẹ bá mi bẹ̀."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "O fìyà jẹ ẹ́ tán, àwa la máa wá bẹ̀ ẹ́?"

Wọ́n ní kó wá tọrọ àforíjì ní Sátidé nínú gbọ̀ngàn ìjọ, kí tọkọtaya sì kọ orin àkọ́kọ́, kí gbogbo èèyàn lè fi etí ara wọn gbọ́ ìwà ìkà. Monílọ́lá dé láti Àkúrẹ́, ó dorí kodò, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Obìnrin méjì dì í mú lápá kó má baà ṣubú.

Reuben kúnlẹ̀, Adélaní, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lùlù fún ìjọ, tẹ dùùrù, Monílọ́lá gba máíkì, ó la ẹnu, ohùn tó nípọn yẹn sì jáde: "Kó ẹrù rẹ."