Ẹ Yọ Ọ́ Jáde

Òǹkọ̀wé ń ka orí tó gbẹ̀yìn ìwé rẹ̀ tuntun sí ìyàwó rẹ̀ létí nílé ìdáná.

Nínú ìtàn náà, ọmọdé kan jìn sódò.

Ìyàwó dáwọ́ àwo fífọ̀ dúró.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú."

"Bí ìtàn ṣe lọ nìyẹn, ìyàwó mi."

"Ṣebí ọwọ́ yín ni kálámù wà. Ẹ yọ ọ́ jáde!"

Ọkọ mí kanlẹ̀. Ó fagi lé ojú ewé náà, ó kọ ọ́ pé apẹja kan fa ọmọ náà jáde láàyè, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó kà á sókè.

Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ tún un kà. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ dáadáa."

Ó pè é.

Orúkọ ọmọ wọn ni, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tí omi gbé lọ lọ́dún tó kọjá.