Àkọ́so Inú Àpótí Mashood

Mashood, káfíńtà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mọ iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí kò dára: ohun tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò tún kàn án mọ́. Bí àga tó kàn bá ń mì, bí ilẹ̀kùn tó gbé kọ́ kò bá wọ férémù, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Kò sí nǹkan tó máa ṣe é."

Nígbà tó yá, iṣẹ́ tuntun dé. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo àgbàlá wọn. Mashood bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí alákàsọ̀: àpótí gbọọrọ márùn-ún, ọ̀kan lórí èkejì, tó fara ti ògiri bí àkàsọ̀, tí wọ́n ń da ilẹ̀dú sí. Tẹ̀tẹ̀ á wà lókè, ṣọkọ á wà láàárín, ewúro á wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí i nílé ọ̀rẹ́ á fẹ́ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń béèrè Mashood Alápòótí ní Takie, láàárín ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà sì ra ẹ̀rọ ìfági tuntun.

Omi ni ìṣòro àpótí náà. Pákó tí omi ń rin lójoojúmọ́ á jẹrà, ikán á sì rí i jẹ. Mashood rò ó títí, ó rántí òrùlé. Gbogbo káfíńtà ló mọ̀ pé òróró ẹ́ńjìnnì dúdú tí mẹkáníìkì ti dà nù ni wọ́n ń fi kun pákó òrùlé nítorí ikán. Ó lọ ra pákó òrùlé ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó, pákó tó ti mu òróró yó. Ó fá ara pákó náà, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, òórùn rẹ̀ sì pòórá.

Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ dúró tì í níbi tó ti ń kùn ún.

"Bàbá Waliyat, ṣé kì í ṣe ewé jíjẹ ni wọ́n máa gbìn síbẹ̀?"

"Ewé ló máa jókòó síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ tuntun. Kò sí nǹkan tó máa ṣe é."

Sìkírátù ní ohun tó bá wà nílẹ̀ ni ewé ń mu. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bi í pé ìgbà wo ló di nọ́ọ̀sì. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Lára àwọn tó ra àpótí náà ni Títílọlá, abiyamọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ rẹ̀, Ẹ̀yẹolúwa, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀fọ́ ọjà ń bà á lẹ́rù, ó fẹ́ kó jẹ́ èyí tí òun fọwọ́ ara òun gbìn ni ọmọ òun máa kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè irú pákó tó jẹ́. Mashood búra fún un pé pákó tuntun ni, láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú.

Ẹ̀fọ́ náà hù, ó tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Títílọlá gé àkọ́so rẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n nílé wọn, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ àkọ́so ṣeré. Ó mú ìdì kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pọn ọmọ, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, kó lè fi ìdì kejì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kan àpótí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Mashood ti òde dé, tó bá Waliyat, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì, lórí ẹní, tó ń fi ẹ̀fọ́ jẹ ìrẹsì. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé níbo ni wọ́n ti rí ẹ̀fọ́.

"Oníbàárà yín kan ló gbé ẹ̀fọ́ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní àkọ́so àpótí tí ẹ kàn fún òun ni."

Mashood fò dé orí ẹní. Ó gbá abọ́ náà dànù, ó ti ìka bọ ọmọ lẹ́nu, ó ń ha ẹ̀fọ́ jáde. Waliyat bú sẹ́kún.

"Má jẹ́ kó gbé e mì! Òróró ẹ́ńjìnnì wà nínú pákó yẹn!"

Sìkírátù kò mira. "Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ni Waliyat ń jẹ. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn. Ṣebí ẹ ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é? Kí ló wá dé tí ẹ ń ha á jáde lẹ́nu ọmọ?"

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Lójú ẹsẹ̀, Títílọlá jáde láti pálọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Sìkírátù ló ti ní kó jókòó de onílé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

Mashood dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó bi í léèrè: ṣé ọmọ náà ti jẹ ẹ́?

"Kò tíì jẹ ẹ́. Nílé wa, ẹnu wa kì í kan àkọ́so kí á tó fi tọrẹ. Ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un."

Bó ti sọ ọ́ tán, Títílọlá rìn wá síwájú. Ó jókòó sórí ẹní, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ rí mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹgbẹ́ káfíńtà, wọ́n pe Mashood, wọ́n ní kó sọ pátákó orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń jẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó ń tú àpótí, ó ń kó ilẹ̀dú dànù, ó ń fi pákó gidi kan òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ti jẹ nínú ẹ̀fọ́ wọn lọ ṣe àyẹ̀wò. A dúpẹ́, ara wọn dá. Ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ ló tà fi ra pákó náà, orúkọ Alápòótí náà sì bá a lọ. Títí di òní, bó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Takie, àwọn ọlọ́kadà á kí i pé, "Kò-sí-nǹkan-tó-máa-ṣe-é, ẹ káàbọ̀ o." Á tẹrí ba, á kọjá.

Ohun tó yẹ ká mú kúrò nínú ọ̀rọ̀ Mashood ni pé ọ̀dà lè bo òórùn, kò lè bo òótọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe fojú di ohun tí ẹ kò ní fi ẹnu ara yín jẹ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa béèrè, ẹ tún béèrè. Kì í ṣe ojo ni ẹni tó ń bẹ̀rù nítorí ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa sì tó sọ pé kò sí nǹkan tó máa ṣe é, kó kọ́kọ́ gbé e síwájú ọmọ tirẹ̀ wò.