Orúkọ Tó Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà Ìjọ

Bàbá Ògúntóyè, akọ̀wé ìjọ kan ní Aramoko, ń làágùn lábẹ́ fáànù.

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yìí fẹ́ dójú tì mí."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ètò tuntun sórí rẹ̀ ni, gbogbo orúkọ ọmọ ìjọ sì dàrú. Àmì ìbéèrè ló kún ibi tó yẹ kí orúkọ wà.

Èmi tí wọ́n pè wá tún un ṣe ki fíláàṣì tí wọ́n fi ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́ sí bọ̀ ọ́.

Gbogbo orúkọ ló pé síbẹ̀.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi.

"Kí lẹ ń kánjú sí, sà?"

"Bàbá mi ló kú. Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ sin ín sí itẹ́ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní àfi kí òun rí orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀."

"Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?"

Ó wolẹ̀.

"Èmi ni."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ wò mí dáadáa. Ọmọ Màmá Dorcas ni mí, ìyá tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Iwájú tábìlì yìí ni mo kúnlẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá tó kú, tí mò ń bẹ̀ yín kí n lè sin ín síbí. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n."

Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà náà.

Mo yọ fíláàṣì náà, mo jù ú sínú báàgì mi, mo dìde.

"Ọ̀nà Òkè-Ìmẹ̀sí ni oko kòkó tí mo sin màmá mi sí wà, sà. Àyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."