Aránṣọ Tó Fi Ìka Wọn Ìlú Ńlá

Àìfẹ́béèrè ni àrùn tó ń ṣe aránṣọ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ojú-ni-Téèpù. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Téèpù tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé kọ́rùn, kò ní ẹyọ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Bí o bá wọlé, á wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan láti òkè délẹ̀, á fa sísọ́ọ̀sì yọ, aṣọ náà á sì bá ọ mu rẹ́gí. Ibi tí wàhálà wà ni pé ó gbà pé ojú tó mọ aṣọ, kò sí ohun tí kò mọ̀.

Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ńlá kan tí bàbá kò dé rí. Nígbà tí ọmọ parí ẹ̀kọ́, wọ́n fi ìbúra wọn sí ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀. Òbí kọ̀ọ̀kan ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ so báàjì mọ́ ọmọ rẹ̀ láyà. Ìyá ò lè lọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán kò tíì jinná. Bàbá nìkan ló kù. Òun náà ló rán aṣọ funfun tí ọmọ yóò wọ̀, aṣọ tí wọn kì í wọ̀ ju ọjọ́ kan yẹn lọ láyé.

Ọmọ pè lórí fóònù. "Bàbá mi, mo ti rí yàrá kan níwájú gbọ̀ngàn tí a ti máa búra gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sùn."

Nígbà tó sọ iye rẹ̀, bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù. "Kí ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún, wúrà? Ilé tó wọ́n bí ojú! Mi ò sùn níbẹ̀. Wọn ò tíì bí ẹni tó máa rẹ́ mi jẹ nílùú yẹn."

Ó wá ilé ìgbàlejò tó rọjú létí ìlú. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó gún abẹ́rẹ́ síbi tí yóò sùn, ó gún òmíràn sí gbọ̀ngàn, ó sì fi ìka wọn àárín méjèèjì.

"Ìka mẹ́rin péré! Kò tó apá aṣọ ọmọ ọwọ́. Ẹsẹ̀ ni màá fi rìn débẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fara ti ọ̀pá, ó wo máàpù náà. "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ìlà kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí nísàlẹ̀ yìí ńkọ́? Àbí òun ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe jìn sí?"

"Ọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n fi ṣẹ́ etí ìwé ni."

"Ẹ kúkú bi awakọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa léèrè. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó bá wa gbé aṣọ ọmọ lọ ṣáájú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."

"Kí n máa bi awakọ̀ ní ohun tí ojú èmi fúnra mi ti rí? Aṣọ náà ò sì kúrò lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo rán an, èmi ni màá gbé e lọ." Ó ká máàpù. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́bọ̀ ló dé ìlú náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ, ó gbé báàgì aṣọ kọ́ èjìká, ó bọ́ sọ́nà. Ó rìn fún odidi wákàtí kan. Ó ṣí máàpù wò: ibi tó rìn kò tó èékánná kan.

Obìnrin kan ní ibùdókọ̀ rí i bó ṣe ń dorí máàpù kodò. "Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo mọ ibi tí mò ń lọ."

"Ẹ má bínú o, mo kàn ní kí n bi yín ni." Obìnrin náà wọ ọkọ̀ tiẹ̀. Iwájú gbọ̀ngàn náà gan-an ni ọkọ̀ ọ̀hún ń gbà kọjá.

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Bàbá wa náà wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e láì bi ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ náà sì gbé e lọ sí òdìkejì ìlú. Nígbà tó fi máa dé gbọ̀ngàn, aago kan ti kọjá. Wọ́n ti ń to àga jọ.

Ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ àyálò tí èjìká rẹ̀ wọ́ dé ìgúnpá. Báàjì wà láyà rẹ̀.

"Ta ló so ìyẹn mọ́ ọ láyà?"

"Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá."

"Ọ̀nà wọn ni kò dáa! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè dúró dè mí?"

Ọmọ dìde. Kò gbóhùn sókè sí bàbá rẹ̀ rí láyé. "A dúró! Gbogbo gbọ̀ngàn dúró! Ẹ ò lè bi ẹyọ ẹnì kan léèrè, nítorí tèmi? Tí mo bá dúró ti aláìsàn, tí mo ní mo mọ̀ ọ́n, tí mi ò béèrè, ṣé ẹ mọ̀ pé màá pa á ni?"

Bàbá sọ báàgì kalẹ̀ léjìká. Ó fa aṣọ yọ nínú báàgì. Ọmọ gbà á, ó wọlé lọ wọ̀ ọ́, ó jáde. Ó bá a mu bí awọ ara.

"Ó bá mi mu, Bàbá. Kò kàn sí ibi tí màá wọ̀ ọ́ lọ mọ́ ni." Ó lọ bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó sì dá a padà fún un.

Aṣọ náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di òní, lórí ìṣó. Bí oníbàárà bá béèrè ẹni tó ni ín, ọkùnrin tó mọ gbogbo nǹkan á máa wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ síbi tẹ́ ẹ ò dé rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ fẹ́ lò níbẹ̀, ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ojú Ojú-ni-Téèpù kò fọ́. Aṣọ ló mọ̀, kò mọ ọ̀nà. Kí èèyàn gbọ́n nídìí iṣẹ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n ní ìlú onílùú. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi awakọ̀, ẹ bi ọmọ yín, ẹ bi ìyàwó tó fara ti ọ̀pá. Ìtìjú kò sí nínú ìbéèrè. Ẹni tó dé nígbà tí wọ́n ti ń to àga jọ, òun lojú ń tì.